Ṣé wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo ni akáǹtì yẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tísà ìjọba ni mí n'Íbàdàn. Mo fẹ́ ṣí akáǹtì tí ò ní orúkọ mi lórí X, kí n lè máa sọ ohun tójú wa ń rí níléèwé, owó oṣù, àwọn ọ̀gá, gbogbo ẹ̀. Ṣé wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, tísà wa. Wọ́n lè mọ̀ dáadáa, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ẹ̀ ń rò pé pọ́líìsì máa gbé ẹ̀rọ wá tọpa yín, bẹ́ẹ̀ síìmù yín ti wà lára NIN yín, láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní December 2020 pé ká so méjèèjì pọ̀, tá a lọ ń tò sí láìnì látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá yín náà ní nọ́ńbà yín, tó bá wá jẹ́ kí X wo àwọn kọ́ńtáàtì tó wà lórí fóònù ẹ̀, akáǹtì tẹ́ ẹ ṣí lánàá lè kàn yọ sí i pé bóyá ó mọ ẹni yìí. Ó ṣẹlẹ̀ sí kọsítọ́mà mi kan, ọjọ́ kẹta ni àbúrò ìyàwó ẹ̀ béèrè pé "bọ̀dá, ẹ̀yin nìyí àbí?" Ìmeèlì tuntun ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kẹ́ ẹ lọ sí Settings, Privacy and safety, Discoverability and contacts, kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Èyí tó wá ń mú èèyàn jù ni ohun tó ń pósítì fúnra ẹ̀. Eégún bojú lóòótọ́, ẹsẹ̀ tó fi ń rìn làwọn ọmọ àdúgbò fi ń dá a mọ̀. Ẹ wo screenshot grúùpù WhatsApp àwọn tísà, ọ̀rọ̀ ẹni tó yà á máa wà lápá ọ̀tún nínú àwọ̀ ewé, àwọn yòókù á sì jẹ́ orúkọ tẹ́ ẹ fi sévù wọn, "Mummy Tobi Maths". Ta ló tún kù tí ò mọ̀? VPN, ìyẹn áàpù tó ń fi ibi téèyàn wà pamọ́, tá a sá lọ gbà nígbà tí wọ́n ti Twitter (X ìsinsìnyí) pa ní 2021 ò lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn o.

Ní ti òfin, orúkọ ìnagijẹ ò yọ èèyàn. Ẹni tó ń lo akáǹtì tó ń jẹ́ PIDOMNIGERIA lórí X, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fóló ẹ̀ ò mọ ojú ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mú un ní Port Harcourt ní August 2024. Cybercrimes Act, òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ síta láti da ìlú rú lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san mílíọ̀nù 7 náírà. "Owó oṣù wa ò tó ra ìrẹsì" yàtọ̀ sí "ọ̀gá wa kówó PTA jẹ", ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹ má kọ ọ́ láìní ìwé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọba náà tún ní òfin tiẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ síta láìgbàṣẹ.

Ọ̀rẹ́ yín kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ fi akáǹtì yẹn hàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hàn án.