Gummy Ńlá Inú Mọ́ọ̀dù: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè tó wọlé lórí gummy ńlá pọ̀ ju àyè tí a ní lọ, a sì mú àwọn tó kan èèyàn púpọ̀ jù. Gummy tí à ń sọ ni súìtì rírọ̀ tó ń fà lẹ́nu bíi rọ́bà, tí wọ́n fi jẹ́látìn (páùdà tó ń mú omi dì), ṣúgà àti glucose olómi (omi ṣúgà tó ki bí oyin) ṣe. Èyí tí a pè ní ńlá níbí ni èyí tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tó sì wúwo tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà mi fẹ́ béárì gummy ńlá fún ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Kékeré tí mo máa ń ṣe ń dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo da èyí tó gba mọ́ọ̀dù líta kan, bí mo ṣe yọ ọ́ ló tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ dà bí ògì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwọ̀n tó péye. (Oníkéèkì kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ìyá wa, ìwọ̀n kékeré lẹ dà sínú mọ́ọ̀dù ńlá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Gummy tó tó orí ìka kò wúwo, jẹ́látìn díẹ̀ á gbé e dúró. Èyí tó ju kílò kan lọ ń fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àárín rẹ̀ kì í tètè tutù: bí nínípọn bá di ìlọ́po méjì, àsìkò tí àárín máa fi tutù á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ní gbogbo àsìkò tí àárín fi ń gbóná yẹn, citric acid (páùdà tó ń mú súìtì kan lẹ́nu) tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ agbára jẹ́látìn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó sọ inú di ògì nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí mọ́ọ̀dù yín ń gbà. Ẹ da omi kún un, kí ẹ wá da omi náà sínú ife ìwọ̀n. Omi ṣúgà wúwo ju omi lásán lọ, nítorí náà mílílítà 1,000 á gba nǹkan bíi kílò 1.3 àpòpọ̀. Fún mọ́ọ̀dù líta kan, ẹ wọn ṣúgà gíráàmù 450, glucose olómi gíráàmù 450 àti omi mílílítà 150. Ìyẹn fún ìkòkò. Ẹ wọn jẹ́látìn gíráàmù 120 tí ẹ máa rẹ sínú omi tútù mílílítà 240, àti citric acid gíráàmù 12 tí ẹ máa pò mọ́ omi mílílítà 12. Gbogbo rẹ̀, ẹ lo síkéèlì. Ife àti ṣíbí ń tan èèyàn, pàápàá lórí jẹ́látìn.

Ẹ rẹ jẹ́látìn fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ máa wọ́n ọn sórí omi, kì í ṣe kí ẹ da omi lé e, kó má baà dì sí kókó. Ẹ gbé ìkòkò ka iná, ẹ máa ro ó títí ṣúgà á fi yọ́ tán, lẹ́yìn náà ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, nítorí ríro lẹ́yìn tó ti hó lè mú kí ṣúgà padà di hóró. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù nù ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kó hó dé ìwọ̀n ooru 114 (oyè Celsius ni gbogbo ìwọ̀n ooru tí a kọ níbí). Àkúrẹ́ ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 350, omi sì ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 99 dípò 100, ìdí tí a fi yọ oyè kan kúrò nínú 115 tí ìwé ìdáná máa ń kọ nìyẹn. Ẹ fi tẹmómítà yín dán omi híhó wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọ 96, ẹ ti mọ iye tó ń jẹ yín. Bí kò bá sí tẹmómítà rárá, ẹ kán omi ṣúgà náà sínú ife omi tútù: bí ẹ bá lè fi ìka kó o jọ di róbótó rírọ̀ tí kò tú ká, ó ti tó.

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Títí ooru rẹ̀ fi máa wálẹ̀ sí 85, ẹ má fi jẹ́látìn sí i. Jẹ́látìn tó bá hó ti ń kú. Ẹ fi í sí i báyìí, ẹ rora ro ó pẹ̀lú ṣíbí, ẹ má lo ẹ̀rọ ìpo-kéèkì. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú omi gbígbóná tó wà ní nǹkan bíi 60 fún ìṣẹ́jú 30, kí ìfófó gun òkè, kí ẹ sì bù ú dànù. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ẹ dà á ni citric acid máa wọlé, pẹ̀lú àwọ̀ àti òórùn dídùn. Fún mọ́ọ̀dù ńlá, ẹ dà á ní 55, ẹ má dà á ní 80. Ìyàtọ̀ oyè 25 yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba àárín gummy là.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dà á, ẹ gbé mọ́ọ̀dù náà sínú àwo omi oníyìnyín fún wákàtí kan kó tó wọ fíríìjì. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ̀yìn á ti dì lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, á sì máa dán bíi pé ó ti tán. Ẹ má gbọ́ ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ.

Jẹ́látìn tí mo rà wà nínú ọ̀rá funfun lásán, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó lágbára? (Òǹkàwé kan, Ìdànrè)

Agbára jẹ́látìn ni wọ́n ń pè ní bloom. Ìwọ̀n tí a kọ sókè wà fún bloom 250. Bí tiyín bá jẹ́ 160, ẹ fi ìdámẹ́rin kún un: 120 á di 150. Bí kò bá sí àkọlé, ẹ rẹ gíráàmù 7 sínú omi mílílítà 100, ẹ yọ́ ọ lórí omi gbígbóná, ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí àwo. Èyí tó lágbára á dúró bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ewé rẹ̀, etí rẹ̀ á mú. Èyí tí kò lágbára á rọ jọwọlọ. Ẹ tún tọ́ ọ wò: bí ó bá dùn, páùdà jẹ́lì olóòórùn ni wọ́n tà fún yín, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò lè gbé gummy ńlá dúró láéláé.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi omi ọ̀pẹ òyìnbó tútù rọ́pò omi lásán kó lè dùn. Ọjọ́ kejì, omi ni mo bá nínú mọ́ọ̀dù. Mo tún fi jẹ́látìn kún un, kò dì síbẹ̀. (Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́)

Ọmọ wa, bí o bá da odindi páálí jẹ́látìn sí i, kò ní dì. Ọ̀pẹ òyìnbó tútù ní èròjà kan nínú tó ń gé purotéènì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, purotéènì sì ni jẹ́látìn. Ìbẹ́pẹ náà ní tirẹ̀. Ìdí kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń ju ìbẹ́pẹ dúdú sínú ìkòkò ẹran tó yi. Ata ilẹ̀ tútù náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Iná ló ń pa èròjà náà. Se omi èso náà kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 5, jẹ́ kó tutù, kó o wá fi í rẹ jẹ́látìn. Omi ọ̀pẹ òyìnbó inú agolo kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ti sè é. Omi ọsàn kò ní ìṣòro yìí. Bí àwọ̀ pupa lo ń wá, se ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, sẹ́ ẹ, jẹ́ kó tutù pátápátá, kó o fi rẹ jẹ́látìn. Ìṣápá kan tẹ́lẹ̀, nítorí náà dín citric acid kù sí gíráàmù 6. Àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n rokoṣo.

Gummy mi kì í mọ́ gaara. Ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké kún inú rẹ̀. (Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́)

Ríro agbára àti dídà láti òkè gíga ló fa méjèèjì. Nínú gummy kékeré, afẹ́fẹ́ kò rìn jìnnà kó tó jáde. Nínú ńlá, ó ní láti gun sẹ̀ǹtímítà 10 nínú nǹkan tó ki, kó tó débẹ̀ ó ti dì. Ẹ má fo ìsinmi ìṣẹ́jú 30 inú omi gbígbóná yẹn. Ẹ lo àrọ, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀dù, kí ẹ dà á tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa gbé àrọ sókè bí ó ṣe ń kún. Etí, imú àti ọwọ́ béárì ni afẹ́fẹ́ ń sá sí: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ibẹ̀ pẹ̀lú àpòpọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó da ìyókù.

Mọ́ọ̀dù mi jẹ́ apá méjì tí wọ́n ń pa pọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jò sílẹ̀ sórí tábìlì. (Yàbá, Oǹdó)

Rọ́bà nìkan kò lè di ojú ìpàdé náà. Ẹ fi rọ́bà tó nípọn so ó le, ẹ mú ṣíbí méjì àpòpọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù títí á fi ki bí oyin, ẹ fi kun ojú ìpàdé láti ìta yí ká, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20. Òun fúnra rẹ̀ á di èdídí. Ẹ wá dà á ní 50, nítorí èyí tó gbóná jù á yọ́ èdídí náà. Kí ẹ tó so ó, ẹ fi aṣọ tó ní òróró ẹ̀pà díẹ̀ nu inú mọ́ọ̀dù. Bí òróró bá dúró níbẹ̀ bí omi, á yọ ilà sí ara gummy. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọ, ẹ tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ẹ má sì gbé e sínú fírísà kó lè tètè dì: omi inú rẹ̀ á di yìnyín, nígbà tó bá yọ́, gummy á máa sunkún lórí àwo.

Ìta gbangba la ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ, nínú oṣù kẹta, ní ọ̀sán. Ṣé kò ní yọ́? Iná náà kò dúró lọ́dọ̀ wa. (Ọbá-Ilé)

Á yọ́. Ní nǹkan bí oyè 35 ni jẹ́látìn ti ń yọ́, ọ̀sán oṣù kẹta ní Àkúrẹ́ sì ń sún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, ká má tíì sọ oòrùn tààrà. Ọ̀nà kan ni kí gummy wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín títí di wákàtí tí wọ́n máa gé e. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi agar kún un. Láti inú ewéko òkun ni agar ti wá, ó ń dì ní nǹkan bíi 40, kì í sì í yọ́ títí ooru á fi tó 85. Fún mọ́ọ̀dù líta kan, ẹ dín jẹ́látìn kù sí gíráàmù 90, ẹ fi gíráàmù 8 agar sínú omi mílílítà 250 dípò 150, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 3 kí ṣúgà tó wọ inú rẹ̀. Bí ṣúgà bá ṣáájú, agar kò ní rí omi mu. Ẹ máa ro ìsàlẹ̀ ìkòkò, agar máa ń jó. Gummy náà á rọ̀ nínú ooru ṣùgbọ́n kò ní tètè ṣàn. A ò ní tàn yín: kì í fà lẹ́nu bíi ti jẹ́látìn nìkan, ńṣe ló máa ń já.

Bí iná bá lọ nígbà tó ń dì, ẹ má ṣí fíríìjì. Bó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ gbé e pẹ̀lú mọ́ọ̀dù sínú kúlà oníyìnyín.

Mùsùlùmí ni wá. Jẹ́látìn wo ni ká rà? Ìyàwó mi ní ká kúkú lo omi ẹsẹ̀ màlúù, ó ṣáà máa ń dì nínú fíríìjì. (Bàbá kan, Oǹdó)

Bàbá, ara ẹlẹ́dẹ̀, màlúù tàbí ẹja ni wọ́n ti ń yọ jẹ́látìn. Èyí tí wọ́n kọ “bovine” (ti màlúù) àti “halal” sí lára ni kí ẹ rà; bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi páálí rẹ̀ hàn yín, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyàwó yín kò jìnnà sí òótọ́. Ohun kan náà ló ń mú omi ẹsẹ̀ màlúù àti omi pọ̀nmọ́ dì. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti òórùn ẹran wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wọn agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà fún ọbẹ̀.

Ṣúgà tí mo fi bo ara rẹ̀ di omi. Báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó? (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Ní àsìkò òjò, ṣúgà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, citric acid tí ẹ pò mọ́ ọn sì ń fa jù ú lọ. Ẹ bò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e síta nìkan. Nínú ọyẹ́, òdìkejì ni: ara rẹ̀ á gbẹ, á le bí awọ, ẹ fi ọ̀rá wé e.

Gummy ilé iṣẹ́ ń pẹ́ nítorí pé inú kọ́ńfíláwà gbígbẹ ni wọ́n máa ń dà á sí, tí wọ́n á sì gbẹ omi ara rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ńlá kò lè gbẹ dé inú, omi tó kù ní àárín rẹ̀ ló ń jẹ́ kó bu. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 7. Bí ẹ bá rí ibi kan tó bu, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dànù, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò.

Ọmọ mi jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ṣé mo lè fún un? (Ìyá kan, Àkúrẹ́)

Rárá, Ìyá. Gummy kì í tú lẹ́nu bí súìtì líle, ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 4 kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Fún àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi eyín ya á lára béárì. Ẹ fi òróró pa ọ̀bẹ, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ìka ọmọdé, kí ẹ tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì jókòó jẹ ẹ́.