Ọmọ mi ti há 999 sórí: irú ìwé mọ́tò panápaná wo ni kí n máa rà fún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá panápaná. Ìkòròdú là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Kò sóhun tó fẹ́ràn tó mọ́tò panápaná, tó bá ti gbọ́ fèrè yín lọ́nà báyìí á ti sáré lọ sójú wíńdò. Àǹtí ẹ̀ tó wà ní London fi ìwé àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, mọ́tò panápaná ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn sórí tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú. Tí mo bá bi í pé ta la máa pè tí iná bá ń jó, 999 ló máa ń sọ. Ojú ìwé kan tún wà tí panápaná ti fi nǹkan bojú, kì í jẹ́ ká ṣí ibẹ̀ rárá, ó ní iwin ni. Ìyá ọkọ mi náà wá ń sọ pé àwọn ìwé yìí máa kọ́ ọ láti fi iná ṣeré. Ṣé kí n kó wọn pamọ́ ni? Tí mo bá sì fẹ́ ra òmíì, kí ni kí n máa wò lára ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Ẹ má kó ìwé kankan pamọ́ jàre. Panápaná ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá tó ń lọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ iná nílé ìwé ni mo wà, ìwé àwòrán kì í sì í kúrò nínú báàgì mi. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn ìwé yẹn dáa, ìlú onílùú ni wọ́n kàn yà síbẹ̀. Mọ́tò wọn, nọ́ńbà wọn, ajá wọn, ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ títì wọn. Ọmọ yín á mọ gbogbo ẹ̀ bí ẹni mowó, ọjọ́ tí iná bá wá ṣẹ́ yọ n'Ìkòròdú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i o, ọgbọ́n London ló máa lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á fún un lẹ máa bá a yí i padà sí tilé.

999 yẹn ló rọrùn jù. Kò sílé ìwé tí mo dé tí mo bi wọ́n pé nọ́ńbà wo lẹ máa pè tí wọn ò ní pariwo "911!" lẹ́ẹ̀kan náà, kátúùnù Amẹ́ríkà ló kọ́ wọn, àwọn tó bá ní ẹbí ní UK nìkan ló máa ń ní 999. Tiwa ni 112, jákèjádò Nàìjíríà, l'Ékòó níbí 767 náà tún wà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lórí méjèèjì. Ẹ gé pépà kékeré kan, ẹ fi máákà kọ 112 gàdàgbà sí i, kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí 999 inú ìwé. Ìwé á rí jákujàku díẹ̀, kò burú, ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ̀ ò ní kúrò lórí ẹ̀ bọ̀rọ̀. 112 yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ ní UK, tẹ́ ẹ bá mú un lọ kí àǹtí ẹ̀ lọ́jọ́ kan kò ní sọnù síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ò tó o. Ẹni tó bá gbé ìpè yẹn, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ibo lẹ wà, ọmọ ọdún mẹ́rin á sì dáhùn pé "ilé wa". Ẹ kọ́ ọ lórúkọ àdúgbò àti orúkọ ọ̀nà yín, kẹ́ ẹ wá fi nǹkan ńlá kan tó wà nítòsí kún un, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́ṣáláṣí ni o, ilé epo ni o, torí nọ́ńbà ilé tiwa yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé 14 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 37. Ẹ fi hàn án pé fóònù tẹ́ ẹ ti tì pa náà ṣì lè pe 112, ibi tí wọ́n kọ emergency sí nísàlẹ̀ yẹn ló máa tẹ̀. Fóònù tó ti kú ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ o, ẹ jọ̀ọ́, ìpè eré tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa ti pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń dúró.

Ọ̀rọ̀ iwin yẹn wá ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa, torí òun ló lè gba ẹ̀mí ọmọ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Tí èéfín bá kún ilé, àgbà á máa wá ilẹ̀kùn, ọmọdé á máa wá ibi tó máa sá pamọ́ sí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú wọ́dúróòbù, ẹ̀yìn kọ́tìnì, ibẹ̀ náà la máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí tá a bá ń wá wọn. Ẹ wá fojú inú wò ó: yàrá ṣókùnkùn, nǹkan gìrìwò kan ń rákòrò bọ̀, iná ń tàn lórí ẹ̀, kò lójú, kò nímú, ó ń mí háà, fííì, háà, fííì. Ta ló máa dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ọmọ á tún súnra kì wọ inú lọ́hùn-ún ni, á sì panu mọ́.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwé, èmi fúnra mi ṣe àṣìṣe yìí. Inú mọ́tò ni mo ti múra tán, mo gbé ìbòjú wọ̀, mo wá já wọ kíláàsì nọ́sìrì kan bí egúngún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbàlẹ̀. Kíláàsì tú ká! Ọmọbìnrin kan wọ abẹ́ tábìlì tíṣà, ó gbá ẹsẹ̀ tábìlì mú, bá a ṣe bẹ̀ ẹ́ tó kò jáde títí mo fi lọ. Látọjọ́ náà, tíṣẹ́ọ̀tì ni mo máa ń wọ̀ wọlé. Mo máa kí wọn, wọ́n á kí mi, lẹ́yìn náà ni mo máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í múra níṣojú wọn: bàtà, ṣòkòtò, kóòtù, akoto. Ìbòjú ló máa ń kẹ́yìn, mo máa gbé e fún wọn kí wọ́n fọwọ́ kàn án, àwọn kan á gbóòórùn ẹ̀, mo máa wọ̀ ọ́, mo máa mí nínú ẹ̀, mo máa juwọ́, mo máa ṣí i kúrò. Èmi náà nìyí o! Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un ṣe.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìwé míì, ẹ kọ́kọ́ ṣí i lọ síbi tí panápaná ti ń múra. Ṣé wọ́n jẹ́ kọ́mọ rí ojú ẹni náà kó tó bo ojú? Ṣé ẹni kan náà ló wà ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, tí ẹyinjú ẹ̀ ṣì hàn nínú gíláàsì ìbòjú yẹn? Èyí tí wọ́n bá kùn ún dúdú kirikiri láìlójú, ẹ dá a padà fún wọn. Èyí tó wà nílé yẹn náà ṣì wúlò, ẹ má kàn fi tipá ṣí i fún un. Ẹ tẹ́ ọwọ́ bo ojú ìwé náà, ẹ jẹ́ kó rí bàtà nìkan lónìí, kó rí kóòtù lọ́la, kó fúnra ẹ̀ wá ká ọwọ́ yín kúrò lọ́jọ́ tó bá wù ú. Lásìkò tẹ́ ẹ bá ń ṣeré, ẹ gbé asẹ́ ilé ìdáná bojú kẹ́ ẹ máa mí háà, fííì, kẹ́ ẹ ṣí i kó rí i pé màmá òun ni, kóun náà gbé e wọ̀. Ẹ wá kọ́ ọ pé tó bá ti rí ẹni tó ń mí báyẹn nínú èéfín, kó pariwo "Mo wà níbí!", kó rákòrò lọ bá a. Èéfín gbígbóná máa ń gòkè ni, ìsàlẹ̀ ni atẹ́gùn tó ṣe é mí máa ń ṣẹ́ kù sí, ìdí tá a fi ń rákòrò nìyẹn.

Mọ́tò ńkọ́? Èyí tí họ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù wà lára ẹ̀ ló ń gbé omi, èyí tí àkàbà gígùn wà lórí ẹ̀, iṣẹ́ òkè ló wà fún, ìwé tó bá dáa máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí ọmọ máa bi yín ni nǹkan pupa kúkúrú tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn tí wọ́n ń so họ́ọ̀sì mọ́, torí kò rí irú ẹ̀ rí ládùúgbò yín. Ẹ sọ fún un pé ẹnu omi ni. Mọ́tò panápaná UK máa ń gbé bíi 1,800 lítà omi, họ́ọ̀sì kan péré sì lè tú tó 500 lítà jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin omi ti tán, ẹnu omi ẹ̀gbẹ́ títì ló kù tí wọ́n gbójú lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni ti UK sábà máa ń wà, kì í dúró sókè bíi ti inú àwòrán yẹn. Níbi tí kò bá ti sí níbí, tánkà ló ń gbé omi tẹ̀ lé wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé tó 10,000 lítà. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń gbọ́ èébú pé a ò gbé omi wá. A gbé omi wá o, ó ti tán ni, tánkà sì wà nínú gó-síló. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yà fún wọn lọ́nà.)

Ajá funfun tó ní tótòtó dúdú yẹn, ti Amẹ́ríkà ni, láyé tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ panápaná irú ajá yẹn máa ń sáré tẹ̀ lé ẹṣin. Òpó tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ náà, Chicago ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1878, láàárín ẹgbẹ́ panápaná aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀, mo fẹ́ràn láti máa sọ ìyẹn fáwọn ọmọ. Tó bá sì jẹ́ ọkùnrin nìkan ló kún inú ìwé, ẹ sọ fún un pé obìnrin ni Margaret Adeseye tó di ọ̀gá àgbà panápaná ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ yín, ẹ bá mi kí wọn, wọn ò sọ ìsọkúsọ. Ìwé kan wà tí ọmọdé inú ẹ̀ máa padà wọ inú iná lọ gbé ajá tàbí bèbí jáde, gbogbo ìlú á wá máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ má ra irú ẹ̀. Èyí tọ́mọ ti ń ṣáná nínú àwòrán, ẹ má rà á. Èyí tó dáa ni ibi tí ọmọ ti rí iná, tó jáde, tó lọ pe àgbàlagbà, tí kò sì padà wọlé. Tí aṣọ ara bá gbaná, kó dúró, kó dùbúlẹ̀, kó fọwọ́ bojú, kó máa yí gbirigbiri. Ìwé tó bá ní ìwọ̀nyí nínú kì í kọ́ ọmọ láti fi iná ṣeré. Ìṣáná tó wà lórí àga ìdáná ló ń kọ́ ọ, ẹ gbé ìyẹn lọ sókè.

Ìwé tó ń ké bíi fèrè tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ni mo ń bẹ̀rù jù, pàápàá àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì ló wà nínú ẹ̀. Tọ́mọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ yí ìwé náà sẹ́yìn, ẹ wo ìdérí bátìrì bóyá ṣúkúrúù ṣì dì í mú. Tí ṣúkúrúù ò bá sí ńbẹ̀, ẹ yọ bátìrì yẹn dànù, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu yín ké fèrè fún un, tiyín gan-an á dùn mọ́ ọn jù. Tó bá gbé e mì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó.

Tó bá tún ní àbúrò tó ń já nǹkan jẹ, ìwé páálí líle ni kẹ́ ẹ rà fún ìyẹn. Fún òun tó ti pé mẹ́rin, ìwé olójú ewé 32 ló wọ́pọ̀, ẹ pín in sí alẹ́ méjì tójú bá ń kùn ún.

Ìwé tó kù, ẹ ò ní rí i rà, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Torí nínú gbogbo èyí tí mo ní, kò sí ibi tí wọ́n ya jẹnẹrétọ̀ sí, kò sí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, kò sí àtùpà, kò sí síléńdà gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gbé fóònù, ẹ ya fọ́tò ilé ìdáná yín, ti jẹnẹrétọ̀, ti ìkòkò òróró tó wà lórí iná pẹ̀lú ọmọrí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ (tí òróró bá gbaná, omi kọ́ lẹ máa dà sí i o, ọmọrí lẹ máa fi dé e, kẹ́ ẹ sì pa gáàsì), ti ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Ẹ lọ tẹ̀ wọ́n jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ fi sítépúlà dì wọ́n pọ̀, ẹ kọ 112 sí ẹ̀yìn ẹ̀. Fọ́tò tó kẹ́yìn, ibi tí gbogbo ilé máa pàdé níta ni kó jẹ́, bíi ìdí igi máńgòrò tàbí ẹnu géètì kejì, kí òun fúnra ẹ̀ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ yà á, pẹ̀lú akoto tó bá fẹ́ dé. Tí ìyá ọkọ yín bá gbà, ẹ jẹ́ káwọn náà dúró tì í nínú fọ́tò yẹn.