Akẹ́kọ̀ọ́ 48, egungun oníke kan ṣoṣo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń kọ́ni ní anatomy, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Akẹ́kọ̀ọ́ 48 ni mo ní, egungun oníke kan ṣoṣo ló wà ní láàbù. Àwọn tó dúró níwájú nìkan ló ń rí nǹkan, àwọn yòókù ń tẹ fóònù. Owó ohun èlò kò sí. Kí ni kí n ṣe tí gbogbo wọn á fi fọwọ́ kan iṣẹ́ náà?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Ara 48 ló ń wọ kíláàsì yín, àwọn yẹn sì ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ẹ ní kí oníkálukú fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú nísàlẹ̀ ìgúnpá, kó máa ká ìka òsì, kó máa nà án. Nǹkan á máa yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n pé: “Ìka lẹ̀ ń ká, kí ló dé tó jẹ́ apá ló ń mira?” Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n ti gé jáde, kí wọ́n wá okùn funfun tó yọ lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, kí wọ́n fà á. Ìka adìẹ á ká wọlé bí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀ka igi mú. Ìdáhùn yín rèé: irú okùn bẹ́ẹ̀ ló so ẹran apá mọ́ ìka. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó figbe ta, tó sì tún fà á títí tí ẹnìkejì fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkàn ẹran, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti fara balẹ̀ jù. Ẹ tètè jí lọ bá alápatà ní Ọ̀yìngbò tàbí ní Oko Ọba l'Ágége, kí ẹ ní ọkàn àgbò tí wọn ò tíì là lẹ fẹ́, kí wọ́n má sì gé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ kúrú. Ẹ tẹnu mọ́ ọn dáadáa, torí ọ̀bẹ wọn yá.

Kí wọ́n tó gé e, ẹ ní kí wọ́n da omi sínú òpó ńlá tó ti apá òsì jáde. Omi á dúró síbẹ̀: ìlẹ̀kùn kéékèèké mẹ́ta ló ti pa dé. Ẹ wá jẹ́ kí kálukú kọ ọ́ sílẹ̀, ògiri apá wo ló máa nípọn jù, kí sì nìdí? Ìgbà náà ni kí wọ́n gé e ní ìbú. Ti òsì ló máa nípọn. Ọ̀tún ò rán ẹ̀jẹ̀ kọjá ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí. Òsì ló ń tì í láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ńṣe ni mo kàn pín ọkàn fún wọn láìbéèrè nǹkan kan. Wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n nígbà ìdánwò wọn ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè ló ń ṣáájú ọ̀bẹ lọ́dọ̀ mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kíndìnrín, ti ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ó ń dán, ó jọ tènìyàn. Ti màlúù rí kókókó.

Ẹran ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú yìnyín nínú kúlà. Ẹ má gbé formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, wọ yàrá tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀, ó ń ta ojú, ó ń ta ọ̀fun. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọṣẹ àti omi lẹ́yìn iṣẹ́, ẹran tí a fi kọ́ni ò sì gbọdọ̀ padà wọ ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kó kọ́kọ́ máa ṣe akọ̀wé. Ẹ má fipá mú un, òun fúnra rẹ̀ á sún mọ́ ọn.

Fóònù yẹn ò ní dà yín láàmú mọ́, torí ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ò ráyè tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹni mẹ́rin péré ni kó wà nídìí ẹran kan: ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń dì í mú, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń bi àwọn yòókù ní ìbéèrè, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ipò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ adìẹ 12 ti tó yín.