Kí ló dé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì?

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ẹ ní yíyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń yí ìyá lóru ní wọ́ọ̀dù UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, kì í jẹ́ kí ìyá sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Bí aláìsàn bá pẹ́ lójú kan, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibi tí egungun ti tẹ awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì: ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ló ń di egbò, ó sì lè jinlẹ̀ dé egungun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n awọ tó ń ṣáájú egbò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ wo ibi tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀, tó gbóná tàbí tó le, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì kíá. Ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ń bá àwọn nọ́ọ̀sì sún ìyá, ẹ gbé ìyá ni, ẹ má wọ́ wọn.