Mo Jókòó Pẹ̀lú Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà: Ṣé Mo Ti Sẹ́ Jésù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin mámà wa, òkun o. Ọmọ Ìsánlú ni mí, inú ìjọ ECWA ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo ń kàwé ní Íńdíà ni bàbá mi kú, oorun sì dá lójú mi pátápátá. Ẹnì kan tá a jọ ń gbélé mú mi lọ sí Igatpuri, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní vipassana, ìjókòó àṣàrò àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Ọjọ́ mẹ́wàá la lò, mẹ́sàn-án gbáko nínú rẹ̀ la ò bára wa sọ̀rọ̀. Agogo á lù láago mẹ́rin ìdájí, a ó jókòó, a ó máa ṣọ́ èémí bó ṣe ń gba imú wọlé tó ń gba imú jáde. Oorun mi padà. Mo ti wá délé báyìí, mo sì ṣì máa ń jókòó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kí n tó ṣí Bíbélì.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní ká dá gbogbo àdúrà dúró títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Wọ́n tún ní ká tẹ̀ lé àwọn wí ní èdè Páálì, èdè àtijọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀sìn Búdà, pé a sá di Búdà, a sá di ẹ̀kọ́ rẹ̀, a sá di àwùjọ rẹ̀. Mo wí i. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ní tilé, ìyá mi rí ère Búdà kékeré kan tí ọ̀rẹ́ mi fún mi lórí tábìlì, ó bú sẹ́kún, ó ní òun ò bímọ fún òrìṣà àwọn ará Íńdíà. Pásítọ̀ wa ní kí n mú ọ̀kan. Ṣé èèyàn ò lè jẹ́ Kristẹni kó sì máa ṣe bíi tàwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni, mà?
Ọmọ Yàgbà

ÌDÁHÙN

Òkun, ọmọ mi. Kú àṣẹ̀yìndè bàbá.

Kátólíìkì ni mí níbí ní Kàbà, Ìmọ̀ Bíbélì ni mo sì fi ṣiṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí àwọn ará ECWA bá ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ilé àwọn, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi lo kọ̀wé sí.

Ère ló pa ìyá rẹ lẹ́kún, àmọ́ ohun tó wúwo jù nínú lẹ́tà rẹ ni èyí tí ìyá rẹ kò tíì mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí o wí yẹn, òun làwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Sri Lanka àti Thailand fi ń wọ ẹ̀sìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì máa ń wí i. S. N. Goenka, olùdásílẹ̀ ibi tí o lọ ní Igatpuri yẹn, ẹni tí wọ́n bí ní Burma tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Íńdíà ní 1969, ṣàlàyé pé òun kò pe ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀sìn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tó tàn sí Búdà lèèyàn ń sá di, kì í ṣe Búdà fúnra rẹ̀. Mo gbà pé inú kan ló fi sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ti ń kọ ọ́ láti kékeré pé “Ọlọ́run ni ààbò wa àti agbára” kò yẹ kó máa fẹnu sọ pé òun ti rí ààbò mìíràn.

Ṣé o wá ti sẹ́ Jésù? Rárá. Inú ọ̀fọ̀ lo wà, èdè tí o kò gbọ́ lo sì fi wí ohun tí o kò mọ ìwúwo rẹ̀. Pétérù mọ ẹni tó ń sẹ́, èdè tó gbọ́ dáadáa ló sì fi sẹ́ ẹ, Jésù ṣì yan ẹja fún un láàárọ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí o ti mọ̀, bí o bá tún lọ, sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé pé o ò ní wí i. Bí wọ́n bá ní àfi kí o wí i, padà sílé. Ní ti àdúrà tí wọ́n ní kí ẹ dá dúró, inú ìlànà wọn ló wà, gbangba ni: àdúrà, tùràrí, ìlẹ̀kẹ̀ kíkà, gbogbo rẹ̀ á dúró, kí èèyàn lè dán ọ̀nà wọn wò láìlú u pọ̀ mọ́ òmíràn. Èmi tí mo ń ka róṣárì kò lè gbà á. Àmọ́ Ọlọ́run kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró de ẹni tó dákẹ́.

Ìjókòó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Láti 1979 ni Jon Kabat-Zinn ti mú irú rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Massachusetts, ó ń fi ran àwọn tí ìrora wọn kò gbóògùn lọ́wọ́. Àwa Kristẹni náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Àwọn mọ́ńkì aṣálẹ̀ Íjíbítì a máa wí ẹsẹ Sáàmù kan ṣoṣo láwítúnwí tọ̀sán tòru, “Ọlọ́run, yára láti gbà mí,” John Cassian sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa láti nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ gan-an, Fadá Hugo Enomiya-Lassalle, Jésúìtì ọmọ Jámánì. Ó dé Japan ní 1929. Hiroshima ló wà lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù átọ́míìkì balẹ̀ ní 1945, ó fara gbọgbẹ́, kò kú. Ó ń jókòó bíi tàwọn ẹlẹ́sìn Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ní Japan, títí àwọn ọ̀gá wọn fi gbà á láyè pé kó máa kọ́ ẹlòmíràn. Fadá ló sì jẹ́ títí ó fi kú ní 1990, ó ń ṣe Máàsì rẹ̀ lọ.

Ní 1989, Kádínà Ratzinger, tó padà wá di Póòpù Benedict, fọwọ́ sí lẹ́tà kan láti Róòmù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní Kristẹni lè mú èyí tó wúlò nínú ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn, bí kò bá ti bo àdúrà Kristẹni mọ́lẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí èèyàn má máa pe ìtura ara ní ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Fi èyí sọ́kàn o. Oorun tó padà, oorun ló padà. Bó bá tún dá, lọ rí dókítà.

Ibi tí mi ò ti ní tàn ọ́ rèé. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé ohun kan náà ni gbogbo wa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ọjà kan náà kọ́ là ń ná. Búdà kọ́ni pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló ń bí ìyà, pé kò sí ọkàn kan tó wà títí láé nínú ènìyàn, àti pé òpin àtúnwá ni ìsinmi. Kò sí Ẹlẹ́dàá kankan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a ó ké pè kó wá gbà wá. Àwa ń sọ pé ẹnì kan ti wá gbà wá, àti pé bàbá rẹ tó kú, Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀. O lè kọ́ sùúrù lọ́dọ̀ wọn, o lè kọ́ àánú, àní ju bí àwa kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ní in lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló gbà ọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo lo máa ní. Ẹni tó bá ní àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń sin Jésù láìmọ̀ kò bọ̀wọ̀ fún wọn, kò sì bọ̀wọ̀ fún Jésù.

Ère yẹn, gbé e kúrò. Àwa Òkun ti ń ṣe irú ẹjọ́ yìí tipẹ́: lórí iṣu tuntun, lórí oyè, lórí aṣọ ìpò tí àwọn ará Bùnú fi ń sin àgbà, èwo ni àṣà, èwo ni ìsìn? A ò tíì parí rẹ̀. Ní Yàgbà tiyín, níbi tí míṣọ́nárì Titcombe ti gbé ìhìnrere láti Kánádà wá sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ère lórí tábìlì kò lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán lójú irú ìyá bíi tìrẹ. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé òrìṣà kò já mọ́ nǹkan, síbẹ̀ ó ní bí ẹran bá máa mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun ò ní jẹ ẹran mọ́. Dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ tìfẹ́tìfẹ́. Má jù ú sígbó, ohun ọ̀wọ̀ ni lójú tiẹ̀.

Pe ìyá rẹ kó wá jókòó tì ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kí ẹ sì jọ ka Sáàmù lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó lọ, má rán ìyá rẹ. Sọ ohun tí o wí ní Igatpuri fún un. Bó bá bínú, kó bínú. Ó sàn ju kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ

Mámà, wọ́n ní ẹni tó bá jẹ́ kí ọkàn òun ṣófo, ẹ̀mí àìmọ́ á wọ ibẹ̀. Ọmọ mi ti ń fi fóònù kọ́ ìjókòó yìí. Ṣé kí n gba fóònù náà ni?
Bàbá kan ní Ìyàrà

ÌDÁHÙN

Mátíù orí 12 ni wọ́n ń tọ́ka sí, níbi tí ẹ̀mí àìmọ́ ti padà bá ilé lófìfo, tí wọ́n ti gbá a mọ́. Ìran búburú ìgbà náà ni Jésù ń fi bá wí, kì í ṣe ọmọ tó ń ṣọ́ èémí. Ẹ bi í pé kí ló ń gbọ́ níbẹ̀, kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ kí ẹ tó gba nǹkan kan. Kí ẹ sì bá a jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, sà. Owó iléèwé á wọlé, gbèsè tẹ́nì kan jẹ yín á wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí yín nípàdé ẹbí lọ́dún tó kọjá á wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ̀wé sí mi bóyá ọkàn yín ṣófo.