Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ nígbà tí ẹ bá wá béèrè owó fún ètò àwọn aláìnílé

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa tí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè gbé ètò ilé tí ẹ ń ṣe fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ń pín owó ìrànwọ́, tí ẹ sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún yín. Mo ti dúró níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà fún àjọ kékeré kan tí mo bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fún wa lówó rí, wọ́n sì ti gba èyí tó wà lọ́wọ́ wa fún ẹlòmíràn rí. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni èmi náà tó lè bá wọn jókòó láti máa fún àwọn ètò ní máàkì, nítorí òfin kò gbà kí ẹni tó ń jẹun lára àjọ kan dá ẹjọ́ àjọ náà. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi yé mi ni pé ibi tí àwọn ènìyàn lọ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lọ́wọ́ yín ni ìgbìmọ̀ wá gbọ́, kì í ṣe ìyà tó jẹ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyà yẹn ti yé wọn.

Owó náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ọ̀dọ̀ HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé, ló ti ń wá, lábẹ́ ètò Continuum of Care, ìyẹn ètò ìrànwọ́ fún àwọn aláìnílé. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ń to àwọn ètò tirẹ̀ láti orí èkíní títí dé ìgbẹ̀yìn kó tó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó bá sì wà nísàlẹ̀ lè má rí kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú máàkì yín ti wà nínú ìwé kí ẹ tó la ẹnu, nítorí náà ẹ má ka ìwé náà fún wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan wà tó máa ń ká àwa ọmọ Yorùbá mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa ń ràn lọ́wọ́ kò sùn síta. Pálọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan ni wọ́n ń forí pamọ́ sí pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Òfin tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí aláìnílé, ilé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n HUD kì í sábà kà wọ́n mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń sùn síta, tàbí nínú mọ́tò, tàbí nínú shelter, ìyẹn ilé tí wọ́n ń gba aláìnílé sùn sí fúngbà díẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ẹni tí yóò pàdánù ibùgbé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tí kò sì ní ibòmíràn láti lọ, àti ẹni tó ń sá fún ìlùkulù nínú ilé. Bí ìdajì àwọn ìyá tí ẹ fẹ́ fi hàn bá jẹ́ àwọn tó ń gbé ní pálọ̀ ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ yóò béèrè, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn tó mọ́: owó mìíràn ni ẹ fi ń tọ́jú wọn, àwọn tó bá òfin HUD mu nìkan ni owó yìí wà fún.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n lọ. Nínú HMIS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo àjọ ń lò, ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní ibi tó lọ. Ọ̀dọ̀ wa, bàbá kan wà tó kúrò lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àbúrò náà fún un ní yàrá, ó sì ní kó máa gbé níbẹ̀ títí. Ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń lọ. Nínú ìṣirò, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sàn fún yín ju kí ó padà sábẹ́ afárá lọ, bẹ́ẹ̀ gbígbé lọ́dọ̀ ẹbí láìní gbèdéke wà lára ibùgbé tí HUD ń kà sí àṣeyọrí. A pè é lórí fóònù, ó ṣàlàyé, a tún un kọ. Nítorí pé ènìyàn bíi mẹ́wàá péré ló jáde lọ́dún yẹn, ìpè kan ṣoṣo náà gbé wa sókè ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ yín kí ọjọ́ ìpàdé tó dé, kí ẹ yẹ gbogbo ẹni tó jáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kú, HUD máa ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò; ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ pàtàkì àjọ yín ni láti ran àwọn tó sá fún ìlùkulù lọ́wọ́, òfin kò gbà kí ẹ kọ orúkọ wọn sínú HMIS rárá; àkọsílẹ̀ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni ẹ óò lò.

Níwájú ìgbìmọ̀, ẹ sọ iye ènìyàn gan-an. Dípò ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ sọ pé ìdílé mẹ́wàá jáde, mẹ́fà wà nínú ilé tí wọ́n fi orúkọ ara wọn gbà, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe mẹ́rin yòókù kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Mo ti rí i tí alága àjọ ńlá kan sáré kọjá lórí irú iye bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, orí rẹ̀ ló dá lé.

Owó tí ẹ̀yin fúnra yín ní láti mú wá kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti já ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni, yàtọ̀ sí owó ilé tí àjọ yín fúnra rẹ̀ háyà lọ́wọ́ onílé. Bí ẹ bá béèrè fún $200,000, tí $80,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ti irú ilé bẹ́ẹ̀, $120,000 tó kù ni wọn yóò fi ṣírò, $30,000 ni ẹ óò sì wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá náà ló fọwọ́ sí ìwé ilé, tí ẹ̀yin kàn ń bá a san owó, a kò yọ ìyẹn kúrò. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lè dúró fún owó, àmọ́ lẹ́tà pásítọ̀ tó ní ìjọ yóò dúró tì yín kò tó. Ìwé àdéhùn tí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí, tó sọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe àti iye tó tó, ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí alága, igbákejì alága àti gbogbo àgbààgbà tó wà níkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n agogo wọn kò mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ má sì mú ìyá kan wá dúró kó máa sunkún fún wọn. Òfin ní kí ẹnì kan, ó kéré tán, tó jẹ́ aláìnílé tàbí tó ti jẹ́ ẹ rí wà nínú àjọ tó ń darí ètò náà ní àdúgbò, ọ̀pọ̀ àdúgbò sì ń mú irú wọn wọ ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní máàkì. Obìnrin kan tí a jọ jókòó ti fi ọdún kan sùn nínú mọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ fún gbogbo àjọ kò yí padà: bí mo bá dé ọ́fíìsì yín nígbà tí aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì ku díẹ̀, ta ni mo máa bá, níbo ni èmi àti ọmọ mi máa sùn lóru ọjọ́ náà? Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìran àjọ wọn. Èkejì dárúkọ ipò òṣìṣẹ́ tó ń gbé fóònù, ó sọ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá ní àdéhùn àti iye òru tí wọ́n lè san. Ẹ ti mọ ẹni tó gba máàkì.

Ẹ ka ìkéde HUD lórí owó yìí ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti èṣí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni HUD fi ń yẹ́ àwọn tó bá tẹ̀ lé ìlànà Housing First sí, ìyẹn kí a kọ́kọ́ fún ènìyàn ní ilé láìsọ pé kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí tàbí kó gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó ní kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe ti ìlànà náà lẹ́yìn mọ́. Ìgbìmọ̀ yín lè má mọ ibi tí yóò yà sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé wọn, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n fi ń fúnni ní máàkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yín. Bí wọ́n bá sì kọ ètò yín tàbí tí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ hàn yín lórí ìwé. Ẹ gbà á, kí ẹ sì tètè wo ìlànà ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn àdúgbò yín, nítorí àwọn kan kì í fúnni ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.