Sílíńdà afẹ́fẹ́ àlòkù tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ láti rọ: kí ni òfin sọ?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi sílíńdà afẹ́fẹ́ mòòkùn ní Houston níbí. Ó ra sílíńdà alumíníọ̀mù kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó rí. Ara rẹ̀ ṣì ń dán, ọdún 1984 ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù méjì ti kọ̀ láti rọ afẹ́fẹ́ sí i. Ṣé òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àbí wọ́n kàn fẹ́ kí a ra tuntun? Ṣé ó sì lè gbé e wọ bàálù lọ sí Florida?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Wọn kò fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ yíyẹ sílíńdà wò, ohun tí wọ́n ṣe náà ni mo máa ṣe, ìdí rẹ̀ sì wà ní èjìká sílíńdà náà, níbi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Ẹ ní kí ó ka òǹtẹ̀ náà fún yín. Bí ó bá jẹ́ irú tó wọ́pọ̀, yóò rí DOT-3AL3000. DOT ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà, 3AL ni irú sílíńdà alumíníọ̀mù tí kò ní ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, 3000 sì ni ìwọ̀n PSI (ìyẹn ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ara sílíńdà) tí wọ́n lè rọ ọ́ dé. Oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ìjọba fún ní àṣẹ, kí ó sì gba òǹtẹ̀ ọjọ́ tuntun. Wọn yóò rọ omi kún un, wọn yóò gbé e sínú omi, wọn yóò sì fún un dé 5000 PSI, kí wọ́n lè wọn bí ó ṣe wú àti bí ó ṣe padà sípò. Bí èyí tí kò padà bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wíwú rẹ̀ lọ, ayé sílíńdà náà ti parí nìyẹn. Yíyẹ inú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tún máa ń béèrè, jẹ́ àṣà àwọn amòòkùn, kì í ṣe òfin ìjọba àpapọ̀, àmọ́ àṣà tó dára ni.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà 1984 tún ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ. Nígbà yẹn, Luxfer àti àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe sílíńdà ń lo àdàlù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6351. 1988 ni Luxfer fi í sílẹ̀, tó bọ́ sórí àdàlù mìíràn, 6061. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé ọrùn àwọn sílíńdà 6351, níbi tí wọ́n ń de fáàfù mọ́, lè máa sán díẹ̀díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pẹ́ nínú wọn. Kò dìgbà tí ó bá ṣubú tàbí tí omi òkun bá jẹ ẹ́. Ó lè máa sán bó ti dúró jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kíkún, kí ara rẹ̀ sì máa dán bí ẹ ṣe rí i yẹn. Ìdánwò olómi lè máà rí i, nítorí wíwú ara sílíńdà ni ìyẹn ń wọ̀n. Nítorí náà ni òfin fi béèrè ìdánwò kejì fún irú rẹ̀: wọn yóò ki ẹ̀rọ oníná kan bọ inú ọrùn náà, tí yóò fi ojú ibi tó bá ti sán hàn. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ VE sí.

Sílíńdà tó bá ti sán bẹ́ẹ̀ lè bú gbàmù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bú ló sì bú nígbà tí wọ́n ń rọ wọ́n. Sílíńdà tí kò gbà ju nǹkan bí lítà omi mọ́kànlá lọ ni wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí lítà 2,200 pọ̀ sí, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló sì máa ń dúró tì í. Òfin gbà á láyè bí ó bá yege ìdánwò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò fi dandan mú ṣọ́ọ̀bù kankan láti rọ ọ́. Ní tèmi, n kò ní náwó ìdánwò lé e lórí. Bí àlòkù náà ló bá ṣì fẹ́, kí ó wá èyí tí wọ́n ṣe láti 1990 síwájú, tí ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ kò sì tíì kọjá.

Kí ó má sì lọ bá ojúlùmọ̀ tó ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nílé. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí lábẹ́ omi ní ìwọ̀n tirẹ̀: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró, tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan lọ, èéfín ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà sì lè mú un kọjá bẹ́ẹ̀ láìsí òórùn kankan.

Ní ti bàálù, TSA, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, gbà kí sílíńdà wọlé bí wọ́n bá ti tú fáàfù rẹ̀ kúrò pátápátá, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ wọn lè wo inú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn kì í bá ènìyàn tú u. Wàhálà yẹn, àti ti ẹni tí yóò dè é padà ní Florida, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ amòòkùn máa yá sílíńdà níbi tí wọ́n bá ń lọ.